Àgbọ̀n mi ń ró kàù: ẹ̀yin ará Àbújá, ta ló ti gba abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà sí i?

AránṣọWúsè · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi.

Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni àgbọ̀n mi lápá ọ̀tún ti ń dún. Bí mo bá yánu gba òkèlè, á ró "kàù" níwájú etí, bí ìgbà tí èèyàn ń ta ìka. Nígbà tó jẹ́ pé ó kàn ń dún lásán, mi ò kà á sí. Kó tó di oṣù kẹta, ìrora ti dé bá a. Bí mo bá jí láàárọ̀, ẹ̀bátí mi á ti le gbandi, orí á máa fọ́ mi, ẹnu ò ní fẹ́ là. Ní báyìí, ìka méjì péré ló ń wọ ẹnu mi lóòró. Àkàrà gan-an, wẹ́wẹ́ ni mò ń gé e kí n tó lè jẹ ẹ́.

Etí ni mo kọ́kọ́ pè é. Wọ́n fún mi lóògùn tí wọ́n ń kán sétí, mo kán an títí ìgò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ní ilé ìwòsàn kan (mi ò ní dárúkọ wọn) pé eyín tó wà lẹ́yìn pátápátá ló ń dà mí láàmú, wọ́n bá yọ ọ́. Eyín lọ, ìrora ò lọ. Ẹ wo ẹni tó fowó ara ẹ̀ yọ eyín tí ò ṣe é ní nǹkan kan!

Oníbàárà mi kan ní Gwarinpa wá sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún èèyàn lójú, lẹ́rẹ̀kẹ́, lọ́wọ́, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ṣe é, acupuncture ni wọ́n ń pè é. Ó ní ó bá òun lára mu nígbà tí ọrùn ń dun òun. ₦15,000 ni ìjókòó kan, wọ́n sì ní kí n wá lẹ́ẹ̀mẹfà. ₦90,000 nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Aṣọ ẹbí mélòó ni mo máa rán kí n tó rí i?

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o: ogún ọdún rèé tí abẹ́rẹ́ ti ń bọ́ mi, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n máa gún mọ́ mi lójú ń bà mí lẹ́rù. Ta ló ti ṣe é rí? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún àgbọ̀n?

---

Ọmọ_Ọ̀fà_Lugbe · 9:31 alẹ́

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi náà ń dún, ṣùgbọ́n kílíṣí ló fa tèmi, mi ò sì ní fi í sílẹ̀ torí ariwo. 😂 Mo ti gbé àga mi kalẹ̀, kí n gbọ́ ohun tí àwọn àgbà máa sọ.

---

Físíò_Gwagwalada · 10:02 alẹ́

Ẹ kú ìnira, Àǹtí. Físíò (physiotherapist) ni iṣẹ́ mi, àwa tí à ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Mi ò lè yẹ̀ yín wò lórí fóònù, ṣùgbọ́n irú ohun tí ẹ kọ yìí kò ṣàjèjì sí mi rárá.

Ẹ fi ìka síwájú etí yín, kí ẹ la ẹnu, kí ẹ tún pa á dé. Ohun tó ń yí lábẹ́ ìka yẹn ni oríkèé àgbọ̀n. Kò dà bí ìlẹ̀kùn tó kàn ń ṣí tó ń tì. Ó máa ń yí, á tún yọ̀ síwájú. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà láàárín egungun méjèèjì, bíi wọ́ṣà tí àwọn mẹkáníìkì ń fi sábẹ́ nọ́ọ̀tì. Bí wọ́ṣà yẹn bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, ìgbà tí ẹ bá la ẹnu ló máa ń ta padà. "Kàù" tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ariwo nìkan, tí kò sí ìrora, kò pọn dandan kéèyàn tọ́jú ẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà, ọkàn rẹ balẹ̀.

Ti yín yàtọ̀, torí ìrora wà níbẹ̀, ẹnu ò sì là tó. Àgbàlagbà máa ń la ẹnu tó mílímítà 40 sí 50, ìyẹn ìka mẹ́ta tirẹ̀ lóòró. Mo fura pé iṣan ni púpọ̀ nínú ìrora yín ti ń wá: èyí tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ tí a fi ń rún oúnjẹ, àti èyí tó tẹ́ rẹrẹ sí ẹ̀bátí. Ìyẹn ló ń fọ́ yín lórí láàárọ̀.

Kí n tó dé orí abẹ́rẹ́, ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé bàbá ọmọ yín ti sọ pé ẹ máa ń payín keke lójú oorun? Ṣé nǹkan kan ń ká yín lára láti ìgbà ọyẹ́ yẹn? Ẹ̀kẹta: ẹ̀yin aránṣọ, níbo lẹ máa ń fi píìnì sí bí ẹ bá ń gbé aṣọ wọ èèyàn wò?

---

AránṣọWúsè · 10:20 alẹ́

Háà!

Ẹnu ni o. Mo ń ka ìbéèrè yín lọ́wọ́, píìnì mẹ́rin wà lẹ́nu mi. Apá ọ̀tún ni mo sì máa ń deyín mọ́ wọn. Òwú náà, eyín ni mo fi ń já a, torí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló máa ń gbé sísọ́ọ̀sì lọ síbi tí mi ò ti ní rí i.

Ìpayínkeke ńkọ́? Ọkọ mi ní bí eku tó ń jẹ ẹ̀kùrọ́ ni mo ṣe ń ṣe lóru. Òkùnkùn lóde ni Bíbélì ní ẹkún àti ìpayínkeke wà, tèmi wà nínú yàrá. Ohun tó sì ń ká mi lára ni owó ṣọ́ọ̀bù. Oṣù kìíní ni onílé ṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mi ò tíì so ó pọ̀ mọ́ àgbọ̀n rí títí di alẹ́ yìí.

---

Bàbá_Jọ́ọ̀sì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀

Ìyá aránṣọ, ẹ kú ara líle. Èmi ti gba abẹ́rẹ́ yẹn, àgbọ̀n gan-an ni mo sì gbà á sí, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ẹ̀.

Ọkọ̀ ló pa bíréèkì lójijì lọ́nà Akwanga ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo fi àgbọ̀n gbá ìjókòó tó wà níwájú mi. Kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá jẹran lónìí, ó di ọ̀la kí àgbọ̀n mi tó dárí jì mí. Ọmọ mi tó wà ní Àbújá ló mú mi lọ. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n fi òwú àti spírítì nù mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ kan sínú kòtò kékeré tó wà níwájú etí, èyí tí ẹ lè fọwọ́ kàn bí ẹ bá pa ẹnu dé. Wọ́n gún òmíràn síbi tó máa ń yọ kókó bí ẹ bá deyín mọ́ra, ọ̀kan tún lọ sí ẹ̀yìn ọrùn lábẹ́ agbárí. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni ti ọwọ́, ní àárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Mo ní, "Dókítà, àgbọ̀n ló ń dùn mí o, ọwọ́ kọ́." Ó ní ní ìlànà tiwọn, ọ̀nà ibẹ̀ ló gba ojú àti ẹnu lọ.

Kò ta bí abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn. Ó kàn wúwo lára, ó ń ró rìrì, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé tó fẹ́ máa jí. Wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo sùn lọ, mo tiẹ̀ hanrun.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó mọ ìyàtọ̀. Ìrora rọlẹ̀, ariwo ò lọ. Ó ń dún títí di òní, ṣùgbọ́n mò ń jẹran. Iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe ti àná, ó ti tó 2,000 ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe é, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní 2010. Wọ́n tilẹ̀ fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún oyìnbó Amẹ́ríkà kan, láìlo oògùn apàmọ̀lára kankan!

---

Oníyèméjì_Jabi · 8:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn tí ẹ fi parí yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. James Reston, akọ̀ròyìn New York Times, ni àpẹ́ńdísì mú ní Beijing ní 1971. Oògùn apàmọ̀lára bíi ti ibi gbogbo ni wọ́n fún un kí wọ́n tó la inú ẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí inú ń fún un, ni wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó ròyìn ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa kárí ayé, ó ti di pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi là á. Bí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí ṣe máa ń wú nìyẹn.

Mi ò sọ pé kò ṣiṣẹ́ o. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ló ṣe é? Ìrora àgbọ̀n máa ń wá, ó máa ń lọ. Ìgbà tó bá le jù lèèyàn ń wá ìwòsàn kiri, ohun tó bá sì ti le dé góńgó, bó bá yá, á rọlẹ̀. Ní 1998, àwọn dókítà kan ní Jámánì gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn jáde. Ẹnu ẹ̀ kú; bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, á wọ inú ìdí ara ẹ̀, bí ọ̀bẹ àwọn eléré orí ìtàgé. Ẹni tí wọ́n ń gún á rò pé ó ti wọlé. Nínú ìwádìí lórí àgbọ̀n, bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gidi wé ẹ̀tàn, ìgbà míì gidi á borí díẹ̀, ìgbà míì wọn á jọ dọ́gba. Èèyàn tí wọ́n ń kó jọ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í sì í pọ̀.

Àǹtí, owó yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà.

---

Ìyá_Àgbo_Nyanya · 8:40 àárọ̀

[Alábòójútó ti yọ èyí kúrò: ìpolówó ọjà.]

Alábòójútó · 8:44 àárọ̀

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o, Ìyá Àgbo. Àgbo kan náà fún jẹ̀díjẹ̀dí, fún àìróorunsùn, fún àgbọ̀n. Ojú-ewé àwọn ọlọ́jà wà, ẹ lọ síbẹ̀.

---

Físíò_Gwagwalada · 1:10 ọ̀sán

Oníyèméjì, o ṣeun, ṣùgbọ́n má dúró síbẹ̀ yẹn. Ní 2023, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, gbé ìlànà kan jáde lórí ìrora àgbọ̀n tó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Àwọn tó kọ ọ́ gbé ìtọ́jú oríṣiríṣi lé orí òṣùwọ̀n. Èyí tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni ìdárayá àgbọ̀n lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n máa fọwọ́ tẹ kókó inú iṣan, kí wọ́n máa rọra mi oríkèé náà, àti kéèyàn jókòó pẹ̀lú ẹni tó lè kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ìdààmú àti ìrora sọ kalẹ̀ lọ́kàn. Abẹ́rẹ́ wà ní ìpele tó tẹ̀ lé e: ẹni tó bá fẹ́ lè gbìyànjú ẹ̀, kò sí nínú ohun tí wọ́n ní kí a sá fún.

Ẹ gbọ́ èyí tó máa yà yín lẹ́nu. Ike tí wọ́n ń wọn ẹnu èèyàn ṣe, téèyàn ń fi sáàárín eyín sùn, tó wọ́n ju abẹ́rẹ́ lọ dáadáa, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kín in lẹ́yìn fún ìrora yìí. Botox, oògùn tí wọ́n ń gún sínú iṣan kó lè dẹ̀, bákan náà. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ wọ́ṣà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ká jìnnà sí i.

Nítorí náà bí Bàbá Jọ́ọ̀sì bá sọ pé abẹ́rẹ́ ran òun lọ́wọ́, mi ò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ò lè yọ píìnì kúrò lẹ́nu aránṣọ.

---

Alhájì_Kàdúná · 4:25 ìrọ̀lẹ́

Assalamu alaykum. Ẹ̀yin ọmọ, láti 1978 ni mo ti wà ní Kàdúná. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn mí, wánzámì, onígbàjámọ̀ àwọn Hausa, ló máa ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ fún mi, kaho ni àwọn Hausa ń pè é. Nílé wa ní Ìwó, gbẹ́rẹ́ ni bàbá mi máa ń sín fún wa, á fi oògùn ra á. Ẹ wá là mí lọ́yẹ̀: kí ni abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà fi sàn ju tiwa lọ? Àbí torí pé oyìnbó ti fọwọ́ sí i?

Físíò_Gwagwalada · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Wa alaykum salaam, Alhájì. Ìbéèrè yín kì í ṣe kékeré. Gbẹ́rẹ́ ń la awọ ara kí oògùn lè gbabẹ̀ wọlé. Kaho ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde. Abẹ́rẹ́ yìí kò gbé nǹkan kan wọlé, kò sì yẹ kó mú ẹ̀jẹ̀ jáde ju ẹ̀kán kan lọ. Ní ti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ni ín ní agbára kan tí wọ́n ń pè ní qi ló ń ṣàn lára, pé abẹ́rẹ́ ń la ọ̀nà fún un. Àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣan ń sọ pé ó ń mú kí iṣan tó ti ta kókó tú, ó sì ń mú kí ọpọlọ tú oògùn ìrora tirẹ̀ fúnra ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn físíò náà ń lo abẹ́rẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n kókó tí ọwọ́ bá bà nínú iṣan la ń gún, a kì í tẹ̀ lé àwòrán ọ̀nà qi.

Oyìnbó fọwọ́ sí i torí pé ẹnì kan ti wọ̀n ọ́n, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gbẹ́rẹ́ tiwa, mi ò tíì rí ẹni tó jókòó tì í bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Alhájì_Kàdúná · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo gbọ́. Allah á jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ jókòó tì í.

---

Nọ́ọ̀sì_Karu · 7:33 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, torí ọ̀rọ̀ wánzámì ti mú un wá sí mi lọ́kàn.

Àǹtí aránṣọ, bí ẹ bá máa lọ, ojú yín ni kí wọ́n ti ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó, wọ́n á sì jù ú sínú àpótí abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá rí i pé inú abọ́ tí wọ́n da spírítì sí ni wọ́n ti ń mú un, ẹ dìde, kí ẹ gbé báàgì yín. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, àrùn mẹ́dọ̀wú tó ń jẹ́ hepatitis B kò sì mọ ọlọ́jọ́ orí. Ẹ bèèrè bóyá ẹni náà forúkọ sílẹ̀. Medical and Dental Council of Nigeria tó ń mójú tó àwọn dókítà náà ló ń mójú tó àwọn tó ń ṣe irú ìṣègùn yìí. Bó bá jẹ́ físíò ló fẹ́ gún yín, ìgbìmọ̀ tiwọn yàtọ̀.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, kó sọ. Ẹni tó lóyún, kó sọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ gan-an kì í gún ibi ọwọ́ tí Bàbá Jọ́ọ̀sì dárúkọ yẹn fún aláboyún.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù rèé, iṣẹ́ yín ló sì jẹ́ kí n rántí ẹ̀. Ìgbà wo lẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn? Ẹni tí píìnì tó ti dógùn-ún máa ń gún, tí ẹnu ẹ̀ wá há lójijì, tí ọrùn ẹ̀ le, tí ara ẹ̀ ń fà, kó má wá abẹ́rẹ́ Ṣáínà kankan, ilé ìwòsàn ni kó sáré gbà lọ. Ti yín ti pẹ́ lóṣù, kò jọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè máa ka èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrora àgbọ̀n tó bá wá pẹ̀lú àyà tó ń fún, tí òógùn ń bò èèyàn. Ọkàn nìyẹn, àgbọ̀n kọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, tí ibà wà, tàbí tí ẹnu là tí kò lè pa dé mọ́, ilé ìwòsàn náà ni.

AránṣọWúsè · 7:50 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Oyún àbíkẹ́yìn mi ni mo gba tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn, ọmọ ọ̀hún ti wà ní JSS 3. Màá gbà á lọ́la.

Nọ́ọ̀sì_Karu · 7:52 alẹ́

Yée. Ẹ gbà á o. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

---

Físíò_Gwagwalada · 8:30 alẹ́

Àǹtí, yálà ẹ lọ tàbí ẹ ò lọ, ohun tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ yìí rèé. Ẹ jẹ́ kí ètè kan ètè, ṣùgbọ́n kí eyín má kan eyín. Ẹ gbé ahọ́n sókè, kó sinmi sí àjà ẹnu lẹ́yìn eyín iwájú. Bí eyín ṣe yẹ kó wà ní gbogbo ọjọ́ nìyẹn, yàtọ̀ sígbà téèyàn bá ń jẹun. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé a máa ń dì í mọ́ra bí a bá ń ṣiṣẹ́ tó gba ojú. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá fẹ́ yán, ẹ fọwọ́ ti àgbọ̀n lábẹ́ kó má là kọjá. Gbànja, ìrèké, ẹran gbígbẹ, ẹ gbé wọn sílẹ̀ ná. Àgbàdo, ẹ ṣín in kúrò lára ṣùkù.

Kí ẹ sì fi tépù yín wọn ẹnu, láti etí eyín òkè sí etí eyín ìsàlẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

AránṣọWúsè · 8:41 alẹ́

Ínṣì kan àti ìdá mẹ́rin. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ló bá mi wọ̀n ọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ìgbálẹ̀.

---

AránṣọWúsè · Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn, Sátidé, 3:05 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti lọ o. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Wọ́n ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ lójú mi gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, torí ojú aránṣọ ni mo fi wò ó. Abẹ́rẹ́ 14 tí mo fi ń rán àǹkárá, mílímítà 0.9 ni ìnípọn ẹ̀. Mo bi dókítà náà léèrè tirẹ̀, ó ní 0.25. Ó máa tó mẹ́ta àtààbọ̀ nínú tiẹ̀ kó tó di ọ̀kan tèmi! Kò ní ojú tí okùn ń gbà, ìdí ẹ̀ ni wọ́n fi wáyà wé yíká. Inú ike kékeré kan ló ti yọ, dókítà fi ìka ta á lórí, pẹ́, ó ti wọlé. Mo ṣì ń dúró kó dùn mí, ó ní òun ti gún ẹ̀kẹta.

Èyí tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ló ṣe mí bákan. Ó rọra yí i, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé iṣan náà gbá abẹ́rẹ́ mú, bí ìgbà tí òwú bá há sínú bọ́bìn. Ó wúwo títí dé abẹ́ eyín. Lẹ́yìn náà ó tú. Omi jáde lójú mi, kì í ṣe ti ìrora.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní Oníyèméjì ti rí mi mú. Ní ọjọ́ kejì, mo jí láìsí ẹ̀fọ́rí, ó ti tó oṣù mélòó tí mo ti rí irú ẹ̀. Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta, ṣùgbọ́n kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Tépù sọ pé ínṣì kan àti àbọ̀.

Bàbá_Jọ́ọ̀sì · 3:20 ọ̀sán

Mo sọ bẹ́ẹ̀!

Oníyèméjì_Jabi · 3:41 ọ̀sán

Àǹtí, inú mi dùn, mo fi Ọlọ́run búra. Ẹ kàn dá mi lóhùn ọ̀kan: ọjọ́ wo lẹ yọ píìnì kúrò lẹ́nu?

AránṣọWúsè · 3:44 ọ̀sán

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Físíò kọ̀wé yẹn. Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Oníyèméjì_Jabi · 3:45 ọ̀sán

Áà! Ẹ ti ba ìwádìí mi jẹ́. 😩 Ta la máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ ni àbí píìnì tí wọ́n yọ jáde?

Físíò_Gwagwalada · 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ara Àǹtí kò bèèrè ẹni tó máa gba ọpẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá mú ìrora sílẹ̀ díẹ̀, ìdárayá á ṣeé ṣe. Ibi tó wúlò sí lójú tèmi nìyẹn. Àǹtí, kì í wá ṣe dandan kí ẹ pé mẹ́fà o. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin kò tún fi nǹkan kan kún un, ẹ dá owó yín dúró.

Ọmọ_Ọ̀fà_Lugbe · 4:32 ìrọ̀lẹ́

Ṣé kílíṣí tí wọ́n rẹ sómi wà nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí?

Físíò_Gwagwalada · 4:35 ìrọ̀lẹ́

Ìyẹn kì í ṣe kílíṣí mọ́, ọmọ Ọ̀fà.

---

AránṣọWúsè · Oṣù méjì lẹ́yìn, Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́

Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Kánò pé kí ni mo bá dé, mo ní kí n kọ ọ́ síbí.

Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni mo gbà, mo fi ₦30,000 tó kù lé owó ṣọ́ọ̀bù. Mo rí físíò kan nítòsí ibí lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ tẹ iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láti inú ẹnu. Ẹ̀yin èèyàn, abẹ́rẹ́ rọrùn ju ìyẹn lọ! Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀ ni ẹnu mi tó là gidi. Ínṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lónìí. Ìka mẹ́ta ń wọlé, ẹ̀kẹta ń fún díẹ̀.

Ó ṣì ń ró kàù. Bí mo bá ti ronú nípa onílé ṣọ́ọ̀bù jù, ẹ̀bátí á tún le láàárọ̀. Oníbàárà mi ní Gwarinpa ń sọ fún gbogbo ayé pé abẹ́rẹ́ ló wò mí sàn, ọkọ mi ní àdúrà òun ni. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Mo rán ìrọ̀rí píìnì kékeré kan, mo so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Mo sì bá àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ṣe àdéhùn: ìgbàkigbà tí wọ́n bá rí píìnì tàbí òwú lẹ́nu mi, ₦100. Èyí àbúrò nínú wọn kò ránṣọ mọ́, ẹnu mi ló ń wò látàárọ̀. Ó ti gba ₦2,300.